Florence Price: Ìyá Anìkàntọ́mọ Tí Orin Rẹ̀ Kò Bá A Kú

Kò sí ìjọ kan nínú àwọn ìjọ wa tí a kò ní rí àwọn ìyá tí ń dá ọmọ tọ́ nínú rẹ̀. Òmíràn, ikú ni ó mú ọkọ rẹ̀ lọ. Òmíràn, ọkọ rẹ̀ ni ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Òmíràn sì ni ó sá nítorí ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀. À ń rí wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi, tí wọ́n fa ọmọ kan lọ́wọ́, tí wọ́n pọn èkejì sẹ́yìn. Ohun tí a kì í sábà béèrè ni pé: ẹ̀bùn wo ni Ọlọ́run ti fi sí ọwọ́ irú ìyá bẹ́ẹ̀ kí ìyọnu tó dé, níbo sì ni ẹ̀bùn náà wà nísinsìnyí?

Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó yẹ kí á mú ìtàn ìgbésí ayé Florence Price wá sí etí ìgbọ́ ẹ̀yin ará wa nínú Olúwa. Obìnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, olùtẹ dùùrù ni, olùkọ́ni ni, ẹni tí ń kọ orin sílẹ̀ sì ni. Òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ náà tí ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ ọ́kẹ́sítírà ńláńlá kọ símífónì rẹ̀ ní gbangba. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé ibẹ̀, ó ti di ìyá tí ń dá ọmọ méjì tọ́, ohun tí ó lá àlá rẹ̀ nígbà èwe sì ti yí padà lọ́nà tí òun tìkára rẹ̀ kò rò tẹ́lẹ̀.

ÌBÍ RẸ̀ ÀTI ÌGBÀ ÈWE RẸ̀

Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 1887 ni a bí Florence Beatrice Smith ní ìlú Little Rock, ní ìpínlẹ̀ Arkansas. Oníṣègùn eyín ni James Smith, bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Florence, jẹ́ olùkọ́ orin, òun ni ó sì kọ́kọ́ fi ọwọ́ ọmọ náà lé orí dùùrù. Ọdún mẹ́rin péré ni ó wà nígbà tí ó kọ́kọ́ tẹ dùùrù níwájú àwùjọ. Bí ilé wọn ti rí nìyí: ilé ọ̀mọ̀wé, ilé olówó díẹ̀, ilé tí àwọn ènìyàn pàtàkì aláwọ̀ dúdú ń yà sí bí wọ́n bá gba ìlú náà kọjá.

Ìdí tí wọ́n fi ń yà síbẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ní ìgúúsù Amẹ́ríkà ní àkókò náà, òfin àti àṣà ti pín ènìyàn níyà. Ilé ìtura àwọn aláwọ̀ funfun kì í gba aláwọ̀ dúdú, bí ó ti wù kí ó kàwé tó. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú nìkan ni ọmọdébìnrin yìí lọ. Níbẹ̀ ni olùkọ́ àgbà kan tí ń jẹ́ Charlotte Stephens ti kọ́ ọ, ẹni kan náà tí ó tún kọ́ William Grant Still, tí òun pẹ̀lú wá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú kíkọ orin sílẹ̀.

ILÉ Ẹ̀KỌ́ NÍ BOSTON

Ní ọdún 1903, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, àwọn òbí rẹ̀ rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga fún orin tí a ń pè ní New England Conservatory ní ìlú Boston. Ilé ẹ̀kọ́ náà wà lára àwọn díẹ̀ tí ń gba aláwọ̀ dúdú wọlé. Síbẹ̀ ẹ̀rù ṣì ń ba ìyá rẹ̀. Ó mú kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ìlú Pueblo ní ilẹ̀ Mẹ́síkò ni ọmọ náà ti wá, kí àwọn ènìyàn má baà mọ̀ pé ọmọ aláwọ̀ dúdú ni, nítorí awọ ara rẹ̀ mọ́ díẹ̀.

A kò dá ìyá náà lẹ́jọ́. Ìyá tí ó bá rí ìkookò lójú ọ̀nà yóò wá ibi tí yóò fi ọmọ rẹ̀ pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kíyè sí i pé ọmọ náà kò gba ọ̀nà yẹn nígbà tí ó dàgbà. Lẹ́yìn tí James Smith kú ní ọdún 1910, ìyá náà ta ohun ìní rẹ̀, ó kúrò ní Little Rock, ó sì lọ gbé ìyókù ayé rẹ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ funfun gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ rẹ̀ dúró. Ó yàn láti jẹ́ ẹni tí ó jẹ́, ìpinnu náà sì ná an ní ohun púpọ̀.

Ní Boston, ó kọ́ bí a ti ń tẹ dùùrù ńlá ti ilé ìjọsìn àti bí a ti ń kọ́ni ní píánò. Ó tún kọ́ nípa kíkọ orin sílẹ̀ lọ́dọ̀ George Chadwick, tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ náà. Nígbà tí ó di ọdún 1906, ó jáde pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí méjì, pẹ̀lú ọlá.

IṢẸ́ OLÙKỌ́ ÀTI ÌGBÉYÀWÓ

Ẹni tí ó gba irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lè ní in lọ́kàn pé òun yóò máa tẹ dùùrù káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n ó padà sílé láti kọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀ ní orin. Ó ṣe olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn Presbyterian ní Arkansas, lẹ́yìn náà ní Shorter College tí ó jẹ́ ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àwọn aláwọ̀ dúdú. Ní ọdún 1910 ó lọ sí Atlanta láti jẹ́ olórí ẹ̀ka orin ní Clark University.

Ní ọdún 1912 ó fẹ́ agbẹjọ́rò kan, Thomas Price, ó sì padà sí Little Rock. Ó fi iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní píánò nínú ilé. Ọmọ mẹ́ta ni ó bí. Àkọ́bí, ọkùnrin, kú ní kékeré. Àwọn ọmọbìnrin méjì, Florence Louise àti Edith, ni ó kù. Ìyá tí ó ti sin ọmọ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí wúwo tó, a kò ní í fi kún un.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, àlá rẹ̀ kéré sí i. Dípò orin ńlá, ó ń kọ orin kékeré tí àwọn ọmọdé lè fi kọ́ píánò. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí wá ọ̀nà láti wọ ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ orin ní ìpínlẹ̀ náà, wọ́n kọ̀ ọ́ nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Kì í ṣe pé kò kàwé tó wọn; òmíràn nínú wọn kò kàwé tó o.

ÌDÍ TÍ WỌ́N FI KÚRÒ NÍ LITTLE ROCK

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1927, àwọn ènìyànkénìyàn kan ní Little Rock mú ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí ń jẹ́ John Carter, wọ́n pa á láìsí ìdájọ́, wọ́n sì wọ́ òkú rẹ̀ la ìgboro kọjá lọ sí àdúgbò tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti ń ṣe òwò àti ìsìn, wọ́n sun ún níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ lẹ́yìn èyí. Ìdílé Price wà lára wọn. Chicago, ní àríwá, ni wọ́n forí lé, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláwọ̀ dúdú láti ìgúúsù ti ń kó lọ ní àwọn ọdún náà.

Chicago ṣí ojú Florence Price. Ó rí ẹgbẹ́ àwọn olórin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́, ó tún lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láti kún ìmọ̀ rẹ̀, àwọn ilé ìtẹ̀wé sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ àwọn orin rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n bí ìta ti ń dára, bẹ́ẹ̀ ni inú ilé ń bàjẹ́. Ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà wó lulẹ̀ ní ọdún 1929, iṣẹ́ wọ́n, owó kò sí. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi ìyà jẹ ẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1931, ilé ẹjọ́ tú ìgbéyàwó náà ká. Ọmọ kan kò tíì pé ọdún 15, èkejì kò tíì pé 11. Ọwọ́ ìyá wọn ni wọ́n wà.

ÌYÁ ÀTI OLÓRIN LẸ́Ẹ̀KAN NÁÀ

Ẹ jẹ́ kí á dúró níhìn-ín, nítorí ibí yìí ni gbòǹgbò ìtàn náà. Obìnrin ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni, aláwọ̀ dúdú, tí ó ti kúrò nílé ọkọ, ní ìlú ńlá tí ebi wà, pẹ̀lú ọmọbìnrin méjì tí yóò jẹun, tí yóò wọṣọ, tí yóò lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ta ni yóò bá a wí bí ó bá ti pa ìwé orin rẹ̀ dé?

Kò pa á dé, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọmọ kì í jẹ ìwé orin. Nítorí náà ó ṣe gbogbo iṣẹ́ tí ó rí. Ó tẹ dùùrù ní ilé sinimá nígbà tí fíìmù kò tíì ní ohùn. Ó kọ orin ìpolówó ọjà fún rédíò. Ó kọ àwọn orin kan lábẹ́ orúkọ àdàpè, nítorí pé wọ́n ń mówó wọlé. Ó sì ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní píánò láti àárọ̀ di alẹ́. Ìgbà kan wà tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ kó lọ gbé ní ilé ìyá Margaret Bonds, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Estella Bonds, ìyá náà, jẹ́ olùtẹ dùùrù ní ìjọ. Ilé náà kì í ṣófo. Àwọn olórin, àwọn akéwì àti àwọn aláìnílé ń rí oúnjẹ jẹ níbẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ ju ọwọ́ Florence lọ, tí ọjọ́ ìdíje sì ń sún mọ́lé, ńṣe ni àwọn ọ̀rẹ́ máa ń jókòó yí tábìlì oúnjẹ ká láti bá a da orin rẹ̀ kọ.

Òtítọ́ ni pé ó tún fẹ́ ọkọ mìíràn ní ọdún 1931 kan náà, ọkùnrin opó kan tí ń ṣiṣẹ́ adójútòfò. Ìgbéyàwó náà kò pẹ́. Láàárín ọdún mélòó kan, wọ́n ti ń gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ó ti wù kí ó rí, ejìká ìyá náà ni ẹrù àwọn ọmọ padà wá wà.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ó yani lẹ́nu. Ní oṣù kìíní ọdún 1931, oṣù tí ìgbéyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ tú, ó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Kò lè rìn, kò lè jáde lọ kọ́ni. Ẹlòmíràn ì bá sọ pé èyí ni òpin. Florence Price fi ìwé sórí ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ símífónì rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó fi ẹ̀rín kọ ọ́ sí ọ̀rẹ́ kan lẹ́yìn náà pé òun kò mọ ìgbà tí òun yóò tún ní oríire bẹ́ẹ̀, kí ẹsẹ̀ òun tún ṣẹ́, kí òun lè rí ọjọ́ díẹ̀ kọ orin láìsí ìdíwọ́. Ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ó wà nínú ẹ̀rín náà. Ìyá kan tí kò rí ìsinmi àyàfi bí egungun rẹ̀ bá ṣẹ́: ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni ó jókòó lórí àga ilé ìjọsìn wa.

Símífónì, fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ni orin gígùn alápá mẹ́rin tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jùmọ̀ ń fi goje, fèrè, kàkàkí àti ìlù kọ, láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu. Nínú èyí tí Florence Price kọ, apá kejì dún bí orin ìsìn: àwọn kàkàkí jọ ń kọ ọ́ bí ẹgbẹ́ akọrin, agogo ilé Ọlọ́run sì ń dún láàárín wọn. Apá kẹta ni ó pè ní Júbà, orúkọ ijó tí àwọn ẹrú ń jó ní oko òwú, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, tí wọ́n ń fi ọwọ́ lu àyà àti itan nígbà tí àwọn olówó wọn gba ìlù lọ́wọ́ wọn. Ó kọ ọ́ pé kí wọ́n lu ìlù Áfíríkà nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn baba rẹ̀, ó dá a padà sí àárín ọ́kẹ́sítírà.

Ní ọdún 1932, símífónì náà gba ipò kìíní nínú ìdíje Wanamaker, pẹ̀lú 500 dọ́là. Orin píánò rẹ̀ kan gba ipò kìíní ní ẹ̀ka tirẹ̀. Margaret Bonds, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, náà gba ẹ̀bùn nínú ìdíje kan náà. Ilé tí ó gba ìyá àti ọmọ méjì sílé kò pàdánù.

ỌJỌ́ 15 OṢÙ KẸFÀ, ỌDÚN 1933

Frederick Stock, olùdarí ọ́kẹ́sítírà Chicago, rí orin náà, ó sì pinnu pé àwọn yóò kọ ọ́ ní àkókò ìpàtẹ ńlá tí ìlú náà ń ṣe. Maude Roberts George, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ olórin wọn, ṣètò owó tí yóò mú kí ó ṣeé ṣe. Ní alẹ́ ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 1933, ní gbọ̀ngàn Auditorium, ọ́kẹ́sítírà tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ funfun kọ orin tí obìnrin aláwọ̀ dúdú kọ sílẹ̀. Kò sí irú rẹ̀ rí ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn ìwé ìròyìn yìn ín.

ORIN Ẹ̀MÍ NÍ ỌJỌ́ ÀJÍǸDE

Ohun tí ó sún mọ́ ọkàn wa jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni àwọn orin ẹ̀mí tí àwọn ẹrú fi sílẹ̀. Florence Price mú wọn, ó ṣètò wọn fún ohùn àti píánò, kí a lè kọ wọ́n níbikíbi ní ayé láìtijú. Ọ̀kan nínú wọn sọ nípa ọkàn tí a ti dè mọ́ Olúwa bí ọkọ̀ ojú omi tí a fi ìdákọ̀ró dè.

Marian Anderson, gbajúmọ̀ akọrin aláwọ̀ dúdú, fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ní ọdún 1939, àwọn tí ó ni gbọ̀ngàn ńlá kan ní Washington kọ̀ láti jẹ́ kí Anderson kọrin níbẹ̀ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ìjọba fún un ní àtẹ̀gùn ilé ìrántí Ààrẹ Lincoln, ní ìta gbangba. Nǹkan bí 75,000 ènìyàn péjọ láti gbọ́ ọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún mìíràn sì gbọ́ ọ lórí rédíò. Orin tí Florence Price ṣètò yìí wà lára àwọn tí ó fi parí ètò ọjọ́ náà. Ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ni, ọjọ́ Àìkú Àjíǹde. Ọjọ́ náà gan-an ni Florence Price pé ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta.

ÀWỌN ILẸ̀KÙN TÍ KÒ ṢÍ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé gbogbo ọ̀nà wá di pẹrẹsẹ lẹ́yìn èyí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1940, wọ́n kọ símífónì rẹ̀ kẹta ní Detroit. Aya Ààrẹ Roosevelt gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà ìgbáradì, ó sì kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Síbẹ̀ àwọn ọ́kẹ́sítírà ńlá kò pè é. Ní ọdún 1943 ó kọ lẹ́tà sí Serge Koussevitzky, olùdarí ọ́kẹ́sítírà Boston. Ó sọ níbẹ̀ pé ìdíwọ́ méjì ni òun ní, pé òun jẹ́ obìnrin, àti pé ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú ń bẹ nínú òun. Kò bẹ̀bẹ̀ fún àánú. Ó ní kí ó wo orin náà fúnra rẹ̀. Ọkùnrin náà kò kọ orin rẹ̀ kankan. Ìlú tí ó ti gba ìwé ẹ̀rí pẹ̀lú ọlá ni ó pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn.

Ó ń kọ orin nìṣó. Ó kọ orin fún dùùrù ilé ìjọsìn, ó kọ orin fún ohùn, ó kọ símífónì kẹrin ní 1945, ó kọ orin ńlá méjì fún goje. Ní ọdún 1953, nígbà tí ó ń múra láti rìnrìn àjò lọ sí Yúróòpù, àìsàn dé sí i. Ó kú ní Chicago ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún náà, ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin.

ÀWỌN ÌWÉ TÍ WỌ́N RÍ

Florence Louise, ọmọ rẹ̀ tí ó dàgbà jù, ni ó tọ́jú ọ̀pọ̀ nínú ìwé orin ìyá rẹ̀ títí òun náà fi kú ní ọdún 1975. Lẹ́yìn náà, ìgbàgbé bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ní ọdún 2009, tọkọtaya kan tí ń tún ilé àtijọ́ kan ṣe ní ìlú kékeré St. Anne, ní gúúsù Chicago, rí àpótí àti òkìtì ìwé nínú ilé náà. Igi ti wó lu òrùlé, òjò ń wọlé. Orúkọ tí ó wà lára ìwé náà ni Florence Price. Ilé tí ó ń lò ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Nínú òkìtì náà ni wọ́n ti rí símífónì kẹrin àti àwọn orin goje méjèèjì tí ayé rò pé wọ́n ti sọnù. Yunifásítì Arkansas gba àwọn ìwé náà sí ìpamọ́.

Ní ọdún 2018, ọ́kẹ́sítírà Fort Smith, ní Arkansas ìpínlẹ̀ rẹ̀, ni ó kọ́kọ́ kọ símífónì kẹrin náà. Ní ọdún 2022, àwo orin tí ọ́kẹ́sítírà Philadelphia fi kọ símífónì rẹ̀ kìíní àti ìkẹta gba ẹ̀bùn Grammy. Ó ku ọdún kan kí ó pé àádọ́rin ọdún tí ó ti kú.

OHUN TÍ ÌTÀN YÌÍ Ń SỌ FÚN WA

Èkínní, ẹ̀bùn Ọlọ́run kì í sá kúrò lọ́wọ́ obìnrin nítorí pé ilé rẹ̀ tú. A ti gbọ́ ọ láàárín wa rí pé irú ìyá bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní olórí ẹgbẹ́ akọrin tàbí olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra. Hágárì wà nínú aginjù pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, omi ti tán, Ọlọ́run sì ni ó pè é. Opó Sáréfátì, tí ó ń dá ọmọ rẹ̀ tọ́, ni Olúwa rán wòlíì sí.

Èkejì, Florence Price kò dá iṣẹ́ náà ṣe. Yàrá kan nínú ilé ẹlòmíràn, tábìlì oúnjẹ kan, ọ̀rẹ́ tí ó bá a da orin kọ, obìnrin kan tí ó ṣètò owó: àwọn wọ̀nyí ni wọ́n gbé orin náà dé etí ayé. Bí ìyá kan bá fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀ nínú ìjọ wa nítorí pé kò rí ẹni tí yóò bá a mú ọmọ ní alẹ́ ọjọ́ ìdánrawò, kì í ṣe ẹ̀bùn rẹ̀ ni ó tán. Ìrànwọ́ wa ni kò tó. Ohun tí ẹgbẹ́ àwọn ìyá lè yanjú láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni.

Ẹ̀kẹta, ẹ tọ́jú ìwé. Mélòó ni orin tí àwọn olùtẹ dùùrù wa àtijọ́ fi ọwọ́ kọ, tí ó wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn, tí ikán ń jẹ? A ń kọ wọ́n ní ọjọ́ ìkórè, a kò mọ ẹni tí ó kọ wọ́n. Kí àwọn àlùfáà àti ìgbìmọ̀ ìjọ ṣe ìwádìí, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ olóògbé, kí wọ́n ṣe ẹ̀dà wọn kí òjò tó dé.

Àlá Florence Price yí padà, kò sì rí gbogbo èso rẹ̀ ní ojú ayé rẹ̀. Ó tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì tọ́jú iṣẹ́ ìyá rẹ̀. Kí Olúwa fi agbára fún gbogbo ìyá tí ń dá ọmọ tọ́ láàárín wa, kí ó fi àwọn ará tí yóò bá wọn gbé ẹrù yí wọn ká, kí ó má sì jẹ́ kí ẹ̀bùn ẹnikẹ́ni nínú wọn ṣòfò. Àmín.